Táyà ẹ̀yìn ń fò nígbà tí mo bá fi agbára gbéra: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Kúùpù_Ìjẹ̀ṣà (Iléṣà)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo ní kúùpù (mọ́tò onílẹ̀kùn méjì) tọ́kunbọ̀ kan, ẹ́ńjìnì V8, gíà ọwọ́. Táyà ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì ń yí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì sì dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí áàsù gbọọrọ tó so wọ́n pọ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, kí ọ̀rọ̀ wa má baà di ìjà "tèmi dára ju tìẹ lọ".

Ohun tó ń kó ìdààmú bá mi rèé. Tí mo bá fi gíà kìíní gbéra, tí mo tẹ tọ́tù (ibi tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí mọ́tò sáré) mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ̀yìn mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n gìdìgìdì, àfi bí ẹni pé táyà méjèèjì ń fò sókè tí wọ́n tún ń já lulẹ̀. Ariwo gbà-gbà-gbà á máa ti abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn wá. Tí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, á dákẹ́. Tí mo bá rọra gbéra, kò sí nǹkan kan.

Mẹkáníìkì kan ní kí n pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òmíràn ní kí n yọ bọ́ọ̀ṣì (òrùka rọ́bà tó wà níbi tí irin kan ti so mọ́ òmíràn), kí n fi ti aluminium sí gbogbo ẹ̀yìn kí ohunkóhun má mì mọ́. Owó tí méjèèjì máa gbà kì í ṣe kékeré. Mọ́tò yìí náà ni mo ń gbé lọ síbi iṣẹ́ ní Ifẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó di ẹ̀rọ ìlọta lábẹ́ mi. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Mẹkáníìkì_Lágéré (Ilé-Ifẹ̀)

Àbúrò, káàbọ̀. Kí o tó ná kọ́bọ̀, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o máa ṣe láti òní lọ. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù lójú ẹsẹ̀. Má dúró wò ó bóyá á dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ìfò yẹn ló ń ṣẹ́ ṣáàfù ẹ̀gbẹ́ (irin tó ń gbé agbára láti dífù lọ sí táyà), òun ló ń ká eyín dífù (àpótí eyín tó ń pín agbára fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì), òun náà ló ń ya ibi tí wọ́n ti fi nọ́ọ̀tì de irin mọ́ ara mọ́tò. Ṣáàfù tó lè gba gbogbo agbára ẹ́ńjìnì rẹ láìṣẹ́ lè kán lọ́jọ́ tí táyà bá ń já lulẹ̀ lé e lórí léraléra.

Ṣọ́ọ̀kì kọ́ ni màá kọ́kọ́ fura sí. Rọ́bà inú bọ́ọ̀ṣì ni. Ó kéré tán, kí a mọ èyí tó ti ya kí ẹnikẹ́ni tó kó ọ lọ sọ́jà.

Íńjíníà_Párákìn (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ ṣeun, Ọ̀gá Lágéré. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, nítorí tí àbúrò wa bá mọ ohun tó ń lọ lábẹ́ mọ́tò, kò sẹ́ni tó máa ta ohun tí kò nílò fún un.

Nígbà tí o bá tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, agbára ẹ́ńjìnì á gba propeller (irin gígùn tó ń yí láti gíà lọ sẹ́yìn) dé dífù, á gba ṣáàfù ẹ̀gbẹ́ dé táyà. Kí táyà tó yọ̀ rárá, gbogbo ohun tó bá rọ̀ lójú ọ̀nà yẹn ló máa kọ́kọ́ lọ́. Ṣáàfù á lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi rẹ̀. Imú dífù á gbé sókè lórí rọ́bà tó dì í mú. Subframe, ìyẹn irin ńlá tó gbé dífù àti áàmù gbogbo (àwọn apá irin tó so kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn), á sún lórí bọ́ọ̀ṣì tó so ó mọ́ ara mọ́tò. Ògiri táyà náà á ká. Agbára ti kó jọ sínú gbogbo wọn nìyẹn.

Bí agbára náà bá wá ju èyí tí táyà lè fi di ilẹ̀ mú, táyà á yọ̀, gbogbo ohun tó ti lọ́ á sì tú padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí wọ́n ṣe ń tú padà, ẹrù orí táyà á fúyẹ́, á wọ̀ padà, táyà á tún di ilẹ̀ mú, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo ni èyí ń yí po. Ohun tó sì ń sọ ìtì síwájú-sẹ́yìn di fífò sókè ni pé àwọn áàmù kò dùbúlẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Orí kan wọn ga ju èkejì lọ, nítorí náà bí wọ́n bá ti ti kẹ̀kẹ́ síwájú, wọ́n á tì í sókè tàbí sísàlẹ̀ pẹ̀lú. Táyà fúnra rẹ̀ jẹ́ sípíríǹgì tí kò ní ṣọ́ọ̀kì tirẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ṣọ́ọ̀kì tuntun nìkan kò fi ń parí ọ̀rọ̀ náà. Ṣọ́ọ̀kì tó ti kú á mú kó burú sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrìn áàmù sókè àti sísàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀kì ń dá dúró. Kò sí agbára kankan tó ní lórí rọ́bà dífù tó ti ya.

Kì í ṣe mọ́tò rẹ nìkan. Ẹni tó bá mọ Cadillac CTS-V àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n tà láti 2004 sí 2007, mọ̀ pé ìfò yìí wà lára rẹ̀. Nígbà tí èyí tó tẹ̀ lé e jáde fún ọdún 2009, ṣáàfù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kò dọ́gba mọ́: ìbú ọ̀kan jẹ́ mílímítà 35, ti èkejì 55. Bí méjèèjì bá le bákan náà, ìgbà kan náà ni wọ́n máa lọ́, ìgbà kan náà ni wọ́n máa tú, ọ̀kan á sì máa ran èkejì lọ́wọ́. Bí líle wọn bá yàtọ̀, ìgbọ̀n wọn kò ní bá ara wọn mu. Camaro ZL1 tó jáde fún 2012 náà gba ọ̀nà kan náà. Ní ti Mustang, àwọn SVT Cobra láàárín 1999 sí 2004 nìkan ló ti ní ẹ̀yìn tó dá dúró tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 2015 ni gbogbo rẹ̀ ti di bẹ́ẹ̀, kò sì pẹ́ tí àwọn tó ń fi í sáré fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí wọ́n máa fi dí àyè inú bọ́ọ̀ṣì subframe rẹ̀.

Táyà_Gidi (Iléṣà)

Kí ni ọjọ́ orí táyà ẹ̀yìn yẹn, ẹ̀gbọ́n? Tí wọ́n bá jẹ́ tọ́kunbọ̀, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ wọn, ẹ máa rí lẹ́tà DOT. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn níbẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Tó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019 nìyẹn. Rọ́bà táyà tó ti pẹ́ máa ń gan, bó bá sì ti gan, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń yọ̀ tó tún ń mú, ohun tí ìfò yẹn sì ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Táyà tí eyín rẹ̀ ṣì ga lójú lè ti kú nínú.

Tọ́nà_Ìṣọ̀kún (Iléṣà)

Ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ léèdì (ẹ̀rọ tí a fi ń gé irin) ni mò ń ṣe. Mo ka ọ̀rọ̀ Àǹtí Íńjíníà, ó yé mi, ó sì dùn mọ́ mi nínú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ohun tó rọ̀ ló ń fa wàhálà, ṣebí kí a mú rírọ̀ kúrò ni? Kí àbúrò kó bọ́ọ̀ṣì ògbólógbòó rẹ̀ wá, màá fi aluminium gé èyí tó máa wọ ibẹ̀ gẹ́lẹ́, ti subframe, ti dífù, ti áàmù gbogbo. Ohun tí kò bá mì kò lè fò. Mo ti gé irú rẹ̀ fún àwọn tó ń fi mọ́tò wọn sáré, wọ́n sì ń dúpẹ́.

Mẹkáníìkì_Lágéré (Ilé-Ifẹ̀)

> Ohun tí kò bá mì kò lè fò.

Ọ̀gá Tọ́nà, mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yín, mo sì mọ̀ pé léèdì kì í purọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti yàtọ̀ ni ojú ọ̀nà. Ẹni tó ń ti Iléṣà wá sí Ifẹ̀ mọ irú kòtò tí táyà ń bọ́ sí, ó sì mọ bí ọ̀dà ṣe máa ń gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn tírélà ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Rọ́bà tó wà láàárín subframe àti ara mọ́tò ló ń gba ìlù yẹn. Ẹ yọ rọ́bà, ẹ fi irin sí i, gbogbo ìlù á bá ara mọ́tò lọ tààrà, ní ibi tí irin rẹ̀ fẹ́lẹ́ jù. Lórí pápá eré tó tẹ́jú, aluminium dára. Fún mọ́tò tí wọ́n ń gbé lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ ní apá ibí yìí, mi ò ní fọwọ́ sí i.

Ti áàmù tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Áàmù ẹ̀yìn kì í kàn lọ sókè sódò lójú kan. Bó ṣe ń gòkè, ó ń yí díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú. Rọ́bà lè gba ìrìn méjèèjì. Aluminium lásán kò lè gbà á, àfi tó bá jẹ́ èyí tó ní bọ́ọ̀lù irin nínú. Ẹ fi aluminium lásán sí i, á há, áàmù kò ní rìn dáadáa, táyà kò sì ní tẹ̀ lé ojú ọ̀nà mọ́. Polyurethane (ike tó le ju rọ́bà lọ) náà a máa há láwọn ibì kan.

Ọmọ_Mọdákẹ́kẹ́

Òótọ́ ni Bàbá Lágéré sọ nípa ara mọ́tò. Ẹ wo mọ́tò BMW tí wọ́n ń pè ní E46. Gbogbo ẹni tó ń bá irú rẹ̀ ṣeré ló mọ̀ pé ibi tí subframe ẹ̀yìn ti mú ilẹ̀ ara mọ́tò máa ń ya, tí àwọn wẹ́dà á sì máa jó awo irin mọ́ ọn láti fún un lágbára. Èyí sì ń ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà níbẹ̀ o. Ẹni tó bá fẹ́ fi irin líle síbẹ̀, kó kọ́kọ́ gbé ìtẹ́lẹ̀ ẹ̀yìn sókè, kó fọ ibẹ̀ mọ́, kó wò ó bóyá ó ti ń lanu.

Fún áàmù gígùn ẹ̀yìn E46 yẹn kan náà, ọgbọ́n kan wà tí mo fẹ́ràn. Wọ́n á fi rọ́bà rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á wá fi wọ́ṣà ike líle há a ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Rọ́bà á ṣì máa yí bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n kò ní lè ti ẹ̀gbẹ́ lọ mọ́.

Tọ́nà_Ìṣọ̀kún (Iléṣà)

Mo gbọ́ ti áàmù, mo sì gbà á. Ṣùgbọ́n ti dífù, mi ò tíì gbà. Dífù kì í lọ sókè sódò pẹ̀lú táyà. Kí ló ń fi rọ́bà ṣe?

Íńjíníà_Párákìn (Ilé-Ifẹ̀)

Ìbéèrè gidi ni, Ọ̀gá Tọ́nà. Ìdákẹ́jẹ́ ló ń fi í ṣe. Eyín dífù máa ń hu nígbà tó bá ń yí, rọ́bà yẹn ni kì í jẹ́ kí ìhu náà wọ inú mọ́tò. Tí ẹ bá fi aluminium síbẹ̀, kò ní ba nǹkan kan jẹ́, ṣùgbọ́n á máa hu sí i létí láti Iléṣà dé Ifẹ̀. Àárín gbùngbùn wà: kí ó fi rọ́bà tuntun sí i, kí ẹ wá fi ike líle, irú nylon tí ẹ ń gé, dí àwọn ihò tí wọ́n dá sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀ṣì náà. Àwọn tó ṣe mọ́tò mọ̀ọ́mọ̀ dá ihò yẹn sí rọ́bà kó lè rọ̀. Bí a bá dí i, dífù kò ní lè gbé imú sókè mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, rọ́bà á sì ṣì máa gba ìhu díẹ̀. Ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe fún subframe. Ní tèmi, subframe àti dífù ni ibi tí owó rẹ ti máa sọ̀rọ̀ jù, torí ibẹ̀ ni irin tó tóbi jù ti ń sún.

Ẹ̀yin tó ń bọ̀ wá sọ pé kó tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀: ẹ jọ̀ọ́. Afẹ́fẹ́ tó dín kù lè jẹ́ kí táyà di ilẹ̀ mú sí i, ṣùgbọ́n ògiri táyà á tún rọ̀ sí i, ọ̀kan nínú àwọn sípíríǹgì tí a ń bá jà nìyẹn. Iye tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni kó lò títí a ó fi mọ ohun tó ń ṣe mọ́tò.

Mẹkáníìkì_Lágéré (Ilé-Ifẹ̀)

Àbúrò, bó ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò rèé. Gbé ẹ̀yìn sókè, fi sítáǹdì sábẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Má wọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e; mo bẹ̀ ọ́. Mú irin gígùn, fi sáàárín dífù àti subframe, kí o gbé e. Kò yẹ kí dífù fò sókè fàlà. Ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín subframe àti ara mọ́tò. Fi tọ́ọ̀ṣì wo rọ́bà kọ̀ọ̀kan yíká. Ibi tó bá ti ya, o máa rí ìlà dúdú tó ṣí ẹnu nígbà tí o bá ń fi irin gbé e. Di ṣáàfù ẹ̀gbẹ́ mú, kí o mì í. Wo gíà síìtì àti ẹ́ńjìnì síìtì (rọ́bà tí gíà àti ẹ́ńjìnì jókòó lé), torí ẹ́ńjìnì tó ń jó lórí síìtì tó ti kú ń dá kún lílọ́ yẹn. Tí rọ́bà bá wà níbi tí propeller ti pàdé gíà, wò ó bóyá ó ti sán.

Lẹ́yìn náà, tí o bá ní fóònù ògbólógbòó kan, so ó mọ́ abẹ́ mọ́tò kó máa wo dífù, kí o jẹ́ kó ya fídíò nígbà tó bá fò lẹ́ẹ̀kan péré. Ojú fídíò á sọ èyí tó ń sún fún ọ, kò ní sí àríyànjiyàn mọ́.

Alábòójútó

Ẹ dákun, kí ẹnikẹ́ni má dán èyí wò lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà tàbí ní Road 1 nínú OAU. Ọ̀kadà ń kọjá níbẹ̀, ọmọ ilé-ìwé ń fi ẹsẹ̀ rìn. Ibi tó ṣófo, tí ẹni tó ni ín ti fọwọ́ sí i, ni kí ẹ ti ṣe é.

Kúùpù_Ìjẹ̀ṣà (Iléṣà)

Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́ púpọ̀púpọ̀. A ti gbé e sókè ní ọgbà ẹnìkan tó gbà wá láàyè. Rọ́bà iwájú dífù ti ya ju ìdajì lọ; bí a ṣe fi irin gbé e ni imú rẹ̀ fò sókè tó sì já padà gbàmù. Ariwo tó ń tabẹ́ ìjókòó wá gan-an ni. Bọ́ọ̀ṣì subframe kò ya, ṣùgbọ́n ihò inú wọn fẹ̀, fídíò sì fi hàn pé subframe ń sún síwájú sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnì síìtì dára. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ọ̀tún ń da ọ́ìlì. Táyà ẹ̀yìn, ọdún 2014 ni wọ́n ṣe wọ́n.

Ṣé kí n lọ wá bọ́ọ̀ṣì dífù tọ́kunbọ̀ ní Ládípò l'Ékòó? Wọ́n ní ó wà.

Táyà_Gidi (Iléṣà)

2014! Ẹ yọ táyà yẹn kúrò kí ẹ tó ṣe nǹkan mìíràn rárá, ẹ̀gbọ́n. Ti ìfò kọ́ ni mò ń sọ báyìí. Táyà tó ti pẹ́ tó yẹn lè bẹ́ lórí eré.

Mẹkáníìkì_Lágéré (Ilé-Ifẹ̀)

Ó ti sọ ọ́ tán. Táyà kọ́kọ́, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n jẹ́ irú kan náà.

Bọ́ọ̀ṣì tọ́kunbọ̀, rárá. Ládípò dára fún irin. Rọ́bà tó ti bá mọ́tò mìíràn rìn fún ọdún pípẹ́ kò yàtọ̀ sí èyí tó ń ya lọ́wọ́ rẹ yìí. Ra tuntun, kí o sì ṣọ́ra fún ayédèrú. Fi èékánná tẹ rọ́bà náà: tó bá ń ya bí ìyẹ̀fun, dá a padà.

Bó ṣe yẹ kó tẹ̀ léra wọn lójú mi: táyà, bọ́ọ̀ṣì dífù tuntun pẹ̀lú ike Ọ̀gá Tọ́nà nínú ihò rẹ̀, lẹ́yìn náà ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì, torí èyí tó ń da ọ́ìlì ti parí iṣẹ́, a kì í sì í pààrọ̀ ẹyọ kan. Dúró níbẹ̀, wa mọ́tò. Tó bá ṣì ń fò ni kí o wá dí ihò subframe. Má ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, o kò ní mọ èyí tó wò ó sàn.

Mo tún fẹ́ kí o wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dè é. Bí iṣẹ́ bá kan nọ́ọ̀tì tó gba inú bọ́ọ̀ṣì rọ́bà áàmù, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni de é pa nígbà tí ẹsẹ̀ mọ́tò ń fì lófurufú. Kó kọ́kọ́ de é fẹ́rẹ́fẹ́, kó gbé mọ́tò sọ̀kalẹ̀ tàbí kó fi jáàkì gbé áàmù dé ibi tó máa ń wà nígbà tí mọ́tò bá dúró lórí táyà, kó tó wá de é pa. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà á ti lọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, á sì tètè ya. Iṣẹ́ bọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ṣe tí kò pẹ́ tó fi tún ń ké, ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ wọn nìyẹn, àwọn ènìyàn á sì máa bú ẹni tó ta bọ́ọ̀ṣì.

Tọ́nà_Ìṣọ̀kún (Iléṣà)

Àbúrò, kó rọ́bà tuntun náà wá kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ wọlé, kí n fi ojú wọn ihò rẹ̀. Màá gé nylon náà kó wọ ihò tímọ́tímọ́ láìti rọ́bà. Tó bá ti tóbi jù, rọ́bà á ya láti inú wá.

Kúùpù_Ìjẹ̀ṣà (Iléṣà)

Màá mú un wá, ọ̀gá mi. Ìbéèrè kan ló kù. Tó bá di pé a ní láti sọ subframe kalẹ̀ láti dí ihò rẹ̀, ṣé mo nílò aláìmẹ́ǹtì (wíwọn táyà kí ó lè dojú kọ ọ̀nà bó ṣe yẹ) lẹ́yìn rẹ̀? Àwọn kan ní iwájú nìkan ni wọ́n ń ṣe aláìmẹ́ǹtì sí.

Íńjíníà_Párákìn (Ilé-Ifẹ̀)

O nílò rẹ̀ gidigidi. Táyà ẹ̀yìn tó dá dúró ní aláìmẹ́ǹtì tirẹ̀, subframe ló sì gbé gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n tó tú nọ́ọ̀tì kankan, fi ọ̀dà funfun fa ìlà láti ara mọ́tò sórí subframe ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó lè padà síbi tó ti kúrò. Bó bá sún díẹ̀ sí ọ̀tún tàbí òsì, mọ́tò á máa rìn ní ẹ̀gbẹ́, táyà á sì máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wá ibi tí ẹ̀rọ wọn ti ń wọn ẹ̀yìn pẹ̀lú iwájú, kí o sì ní kí wọ́n jẹ́ kí iwájú táyà ẹ̀yìn méjèèjì wọlé díẹ̀ ní iye kan náà, láàárín ìwọ̀n tí ìwé mọ́tò náà sọ. Táyà ẹ̀yìn tí iwájú rẹ̀ ṣí síta máa ń sọ mọ́tò di aláìdúróṣinṣin nígbà tí o bá tẹ tọ́tù.

Tí wọ́n bá tẹ ìwé aláìmẹ́ǹtì náà jáde fún ọ, ya á, kí o gbé e síbí kí a jọ kà á.